ÀKÁ ÀWỌN ALÁÌNÍ: Ìtàn Ìkójọ Oúnjẹ àti Owó Nínú Ìjọ, àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ilẹ̀ Kétu

Nínú ìwé ìrántí yìí, àwọn mìíràn yóò sọ ìtàn ilé ìjọsìn wa, ti àwọn Fadá tí ó ti sìn láàárín wa, ti ẹgbẹ́ akọrin àti ti ilé-ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ yàtọ̀ díẹ̀. A fẹ́ sọ bí àwọn ọmọ Ìjọ ti ń kó oúnjẹ àti owó jọ fún àwọn tí kò ní, láti ìgbà àwọn Àpọ́sítélì títí di òní, kí a sì wo ohun tí ìtàn náà ń béèrè lọ́wọ́ àwa tí a ń gbé orí ilẹ̀ gíga Kétu.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ọdún ayọ̀ ni Jùbílì, kí ni ọ̀rọ̀ ebi ń wá nínú rẹ̀? Àwọn àgbà wa ni wọ́n sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò jẹun kò lè gbọ́ agogo ayẹyẹ dáradára, bí ó ti wù kí agogo náà dún tó.

Jùbílì àti ìbéèrè oúnjẹ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ padà sí ibi tí orúkọ Jùbílì ti wá. Nínú Ìwé Léfítíkù, orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Ọlọ́run pa á láṣẹ fún Ísírẹ́lì pé kí ilẹ̀ sinmi ní ọdún keje, kí ọdún àádọ́ta sì jẹ́ ọdún mímọ́, ọdún tí ẹrú yóò gba òmìnira tí ẹni tí ó ta ilẹ̀ rẹ̀ yóò sì rí i gbà padà. Ṣùgbọ́n nínú orí yìí kan náà ni Ọlọ́run ti mú ìbéèrè kan tí yóò ti ẹnu àwọn ènìyàn náà jáde: bí a kò bá gbìn, tí a kò sì kórè, kí ni a ó jẹ? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìkórè ọdún kẹfà yóò tó wọn jẹ títí di ìgbà tí èso tuntun yóò fi dé. Èyí fi hàn wá pé Jùbílì kò lè dúró láìsí àká. Ẹni tí yóò sinmi gbọ́dọ̀ ti fi nǹkan pamọ́.

Nínú Ìwé Deuterónómì, orí kẹrìnlá, a tún rí òfin mìíràn. Ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, ìdámẹ́wàá ìkórè kò níí kúrò ní ìlú. A ó tò ó jọ sí ẹnu-bodè, kí ọmọ Léfì, àlejò, ọmọ aláìníbaba àti opó tí ń gbé ìlú náà lè wá jẹ kí wọ́n sì yó. Ẹ kíyè sí i pé a dárúkọ àlejò pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n dá ilé ìtọ́jú oúnjẹ fún aláìní sílẹ̀ ní ayé òde òní, kí ó tún Bíbélì rẹ̀ ṣí.

Láti Áńtíókù dé Kẹsaríà

Ìkójọ àkọ́kọ́ tí a ṣe láti ìlú kan fún ìlú mìíràn nínú Ìjọ ni èyí tí orí kọkànlá Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì sọ fún wa. Wòlíì kan tí ń jẹ́ Agabù kéde ní Áńtíókù pé ìyàn ńlá ń bọ̀. Ó sì dé ní ìgbà tí Kláúdíù jẹ ọba Róòmù. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò dúró kí ìyàn dé kí wọ́n tó máa sunkún. Olúkúlùkù dá ohun tí agbára rẹ̀ ká, wọ́n sì fi rán Bánábà àti Sọ́ọ̀lù sí àwọn ará tí ń gbé Jùdéà. Àwọn Kristẹni Áńtíókù kò rí ojú púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ yìí rí.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ tún ṣe irú ìkójọ bẹ́ẹ̀ fún Jerúsálẹ́mù, ó fi ètò sí i. Ó ní kí olúkúlùkù máa ya nǹkan sọ́tọ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọ̀sẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tí òun bá dé ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri. Ó ní kí ìjọ fúnra wọn yan àwọn tí yóò gbé ẹ̀bùn náà lọ. Nínú Ìwé Kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ó ṣàlàyé pé òun kò dá nìkan mú owó náà lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àléébù sí i. Ó sì yin àwọn ará Makẹdóníà, àwọn tí òtòṣì ni wọ́n, tí wọ́n sì fi ọ̀yàyà fúnni ju agbára wọn lọ.

Ìdàrúdàpọ̀ kò ṣàì sí. Orí kẹfà Ìwé Ìṣe sọ pé àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì ń kùn nítorí pé a ń fo àwọn opó wọn nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn Àpọ́sítélì kò pa ẹjọ́ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí a yan àwọn ọkùnrin méje tí a jẹ́rìí rere sí. Ní ilẹ̀ wa yìí, níbi tí ọmọ Kétu, Ọ̀họ̀rí, Fọ̀n, Màhì àti Fúlàní ti ń gbé pọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti inú awuyewuye lórí oúnjẹ ni a ti yan àwọn méje náà, àwọn tí Ìjọ sì kà sí ìpìlẹ̀ oyè díákónì.

Justin Mímọ́, ajẹ́rìíkú, tí ó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 155, sọ fún ọba Róòmù pé lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú, àwọn tí ó ní a máa fi ohun tí ó bá wù wọ́n sílẹ̀, a ó sì kó o fún ẹni tí ó ń darí ìjọ kí ó fi tọ́jú ọmọ òrukàn, opó, aláìsàn, ẹlẹ́wọ̀n àti àlejò. Ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ sì sọ fún wa pé ní 258, nígbà tí ìjòyè Róòmù ní kí díákónì Lawrence kó ìṣúra Ìjọ wá, àwọn aláìní ni ó kó jọ síwájú rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 368 sí 369, ọ̀dá mú ìlú Kẹsaríà ní Kapadókíà. Basil Mímọ́, tí kò tíì di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà, dojú ìwàásù kọ àwọn ọlọ́rọ̀ tí wọ́n ti àká wọn pa tí wọ́n ń retí kí owó ọkà gòkè sí i. Kò fi mọ sórí ìwàásù. Ó kó oúnjẹ jọ, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún àwọn tí ebi ń pa. Kò sì yọ àwọn ọmọ Júù sílẹ̀.

Àká àwọn Fransiskani, àti báńkì oúnjẹ ti òde òní

Ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn Fadá Fransiskani ní Ítálì rí i pé àgbẹ̀ tí kò ní irúgbìn a máa yá ọkà lọ́wọ́ olówó èlé, gbèsè a sì máa jẹ oko rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá àká ọkà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Monte Frumentario. Àgbẹ̀ yóò gba irúgbìn ní ìgbà ìgbìn, yóò sì dá a padà ní ìkórè pẹ̀lú ẹ̀kún díẹ̀ tí a ó fi bójú tó àká. Àká náà tàn káàkiri. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbé e ga jù ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Orsini ti Benevento, ẹni tí ó di Póòpù Benedict Kẹtàlá ní 1724.

Ní Paris ní 1833, Frédéric Ozanam àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul sílẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ yìí fi kún ìtàn wa ni ìbẹ̀wò: wọn kì í dúró kí aláìní wá bá wọn, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Póòpù John Paul Kejì ka Ozanam mọ́ àwọn Alábùkún-fún ní 1997.

Láti inú iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí ni ohun tí ayé ń pè ní báńkì oúnjẹ lónìí ti jáde. John van Hengel, ọmọ Ìjọ Kátólíìkì ní ìlú Phoenix ní Amẹ́ríkà, ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbi tí Ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul ti ń bọ́ àwọn aláìní. Ó pàdé ìyá kan tí ó ń fi oúnjẹ tí àwọn ilé ìtajà kó dànù bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà ni ó sọ pé ì bá dára bí ibì kan bá wà tí a ti lè fi irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ pamọ́, bí ènìyàn ti ń fi owó pamọ́ sí báńkì. Ní 1967, ìjọ Màríà Mímọ́ ní Phoenix fún van Hengel ní ilé àtijọ́ kan àti dọ́là 3,000, ó sì bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ìjọ náà ni báńkì oúnjẹ àkọ́kọ́ yìí ń jẹ́ títí di òní.

Ní ilẹ̀ Faransé, ìwé tí Sister Cécile Bigo kọ sínú ìwé ìròyìn La Croix ní 1984 lórí ebi àwọn aláìní ni ó jí Bernard Dandrel àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú dìde láti dá Banque Alimentaire sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdọọdún, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni a máa dúró sí ẹnu ọ̀nà àwọn ilé ìtajà láti gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó wá rajà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí. Kò sí èyí tí ọba tàbí ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ nínú wọn. Ìyá kan tí ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹnìkan tẹ́tí sí i, ìjọ kan sì yọ̀ǹda ilé tí kò lò mọ́.

Ilẹ̀ Kétu mọ ebi

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sílé. Bí ìlú kan bá wà tí kò yẹ kí a kọ́ ní ohun tí ebi jẹ́, ìlú Kétu ni. Àwọn baba wa wa yàrà jíjìn yí ìlú ká, wọ́n mọ odi, wọ́n sì gbé Àkàbà Ìdẹ́nà dúró bí ẹnu-ọ̀nà tí ọ̀tá kò lè gbà kọjá. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì tí Ọba Glèlè rán kọ́kọ́ dé ní 1883, wọ́n sì ṣe ìlú náà léṣe. Wọ́n tún padà wá dó tì í, títí ìlú fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1886. Ebi ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ìbọn kò lè ṣe. A dáná sun ìlú, a sì kó àwọn ọmọ Kétu lẹ́rú lọ sí Abomey.

Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Abomey ní 1892 ni àwọn tí ó kù nínú àwọn ọmọ Kétu bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé. Alákétu tuntun gun orí oyè, a sì tún ìlú kọ́ láti orí eérú. Fadá Thomas Moulero, ọmọ Kétu, ẹni tí ó di àlùfáà àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ Dàhómì ní 1928, kọ ìtàn ogun náà sílẹ̀ kí ó má baà parun. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ó túmọ̀ sí láti padà sí ìlú tí kò ní oko, tí kò ní irúgbìn, tí kò ní àká. Ẹni tí ó bá padà lọ́wọ́ òfo kò lè yè bí ẹlòmíràn kò bá bu irúgbìn fún un. Ọmọ àwọn tí a bu irúgbìn fún ni ọ̀pọ̀ nínú wa.

Àwọn baba wa kò ní báńkì, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọgbọ́n. Àká wà ní oko àti ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a ń fi èéfín àti oòrùn lé kòkòrò. Àáró wà, tí ẹgbẹ́ ń bá ara wọn ro oko ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wẹ̀ wà, tí a ń bẹ fún iṣẹ́ ńlá. Èsúsú àti àjọ wà fún owó. Ìyàwó ilé a máa bu oúnjẹ fún aládùúgbò láìsọ ọ́ síta. Nítorí náà, nígbà tí Ìjọ bá sọ̀rọ̀ àká àwọn aláìní, kì í ṣe nǹkan àjèjì ni ó gbé wá fún wa. Ohun tí ó fi kún un ni pé kí a má ṣe wo ojú ìbátan nìkan.

Ìjọ ní ilẹ̀ wa

Ní 1861 ni Fadá Francesco Borghero àti ẹnì kejì rẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ àwọn ajíhìnrere SMA gúnlẹ̀ sí Ouidah. Ní 1864 wọ́n dé Àjàṣẹ́, Ìhìnrere sì gba ọ̀nà òkè wá títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1954 ni a dá dáyósíìsì Àjàṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí ilẹ̀ Kétu wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ Kádínà Bernardin Gantin nítorí pápá ọkọ̀ òfúrufú Kútọnu tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni a mọ̀ pé iṣẹ́ oúnjẹ wà lára iṣẹ́ tí ó ṣe ní Róòmù. Póòpù Paul Kẹfà dá ìgbìmọ̀ Cor Unum sílẹ̀ ní 1971 láti mú kí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú Ìjọ káàkiri ayé ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ìgbà ìyàn, ogun àti ìjábá. Ọmọ Dàhómì yìí ni ó sì jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ náà láti 1978 títí di 1984. Ọmọ ilẹ̀ wa jókòó síbi tí a ti ń ronú bí oúnjẹ yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ebi ń pa ní gbogbo ayé.

Ilẹ̀ wa ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Nígbà ogun Biafra, tí ó jà láti 1967 dé 1970, àwọn bàálù Red Cross ń gbéra láti Kútọnu ní 1969 láti gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ọmọ tí ebi ń pa kú. Láti erékùṣù São Tomé, Caritas àti àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì pa owó àti agbára pọ̀. Wọ́n fò ju ìgbà 5,000 lọ, lóru, sínú ewu, wọ́n sì gbé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹrù. Àwọn awakọ̀ òfúrufú àti òṣìṣẹ́ kan kú lórí iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tí ó mú ilẹ̀ Sàhẹ́lì ní nǹkan bí 1973, a bẹ̀rẹ̀ sí dá àká ọkà sílẹ̀ ní àwọn abúlé Haute-Volta, Niger àti Mali. Póòpù John Paul Kejì ké sí gbogbo ayé láti Ouagadougou ní 1980 nítorí ọ̀dá náà, láti inú ìpè yìí ni Àjọ John Paul Kejì fún Sàhẹ́lì ti jáde ní 1984. Púpọ̀ nínú àwọn àká abúlé yẹn ràn àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn sì wó. Àwọn kan yá ọkà fún mọ̀lẹ́bí wọn tí kò san án padà, kòkòrò jẹ ti àwọn mìíràn, àwọn mìíràn kò ní ìwé ìṣirò rárá. Ó yẹ kí a mọ èyí kí a tó bẹ̀rẹ̀ tiwa, nítorí inú rere nìkan kò tó láti dáàbò bo àpò àgbàdo.

Àwọn ọdún tí ó le

Àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ láàárín wa kò gbàgbé oṣù kìn-ín-ní 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ghana, Togo àti ti ilẹ̀ tiwa gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ wa kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí, ní ọdún tí òjò kò rọ̀ dáradára. Ní 1984 Nàìjíríà ti bodè rẹ̀ pa, kò sì ṣí i títí di 1986. Ní oṣù kìn-ín-ní 1994, a dín iye owó sẹ́fà kù sí ìdajì sí ti fránkì Faransé, ohun gbogbo tí ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Ní 2008, owó oúnjẹ gòkè ní gbogbo ayé. Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà tún ti bodè, ó sì di òpin 2020 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bodè kan wa ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ọmọ ìyá kan náà ni àwa àti àwọn tí ó wà ní Ìmẹ̀kọ, àwọn Òyìnbó ni wọ́n la ààlà sí wa láàárín. Nígbà tí bodè bá tì, ohun tí a kórè a máa jẹrà sí wa lọ́wọ́ ní apá kan, owó tí a ó fi ra ohun tí a kò gbìn a sì máa wọ́n wa ní apá kejì.

Yàtọ̀ sí àwọn ọdún wọ̀nyí, ebi kan wà tí ó ń dé lọ́dọọdún tí ìwé ìròyìn kì í kọ nípa rẹ̀. Àgbàdo òjò àkọ́kọ́ ń dé ní oṣù keje sí ìkẹjọ, ti òjò kejì ń dé ní ìparí ọdún. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹfà, nígbà tí iṣẹ́ oko le jù, àká ń ṣófo, owó àgbàdo ní ọjà sì ń gòkè. Àgbẹ̀ tí ó ta àpò rẹ̀ ní pọ̀ọ́kú ní oṣù kẹjọ nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ni ó ń padà lọ rà á ní ọ̀wọ́n ní oṣù karùn-ún. Ẹ̀yin ará, ibi yìí ni ọ̀rọ̀ wa wà. Bí a bá pín ìrẹsì àti ẹran ní ọjọ́ Kérésìmesì nìkan, ìgbà tí oúnjẹ wà nílé ni a ń fún aláìní lóúnjẹ, tí a sì ń fi í sílẹ̀ nígbà tí kò sí.

Bí a ṣe lè kó o jọ

Láti inú ìtàn tí a ti kà yìí, a rí ọ̀nà tí ìjọ bíi tiwa lè gbà, kì í sì í ṣe ọ̀nà tí ó ṣòro.

Àkọ́kọ́ ni àkókò. Ìgbà ìkórè ni kí a kó jọ, nígbà tí kò ní ni ènìyàn lára láti bu agolo kan. Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Ìkórè yẹ fún un. Ọjọ́ Àìkú àwọn Tálákà tí Póòpù Francis dá sílẹ̀, tí a kọ́kọ́ ṣe ní 2017, bọ́ sí oṣù kọkànlá, òun náà sì yẹ fún ìkójọ kejì.

Èkejì ni irú ohun tí a ó gbà. Àgbàdo gbígbẹ, ẹ̀wà, gààrí, ẹ̀pà, epo pupa àti iyọ̀ ni ó lè pẹ́ nílẹ̀. Ohun tí ó lè tètè bàjẹ́, kí a pín in lọ́sẹ̀ náà gan-an.

Ẹ̀kẹta ni owó. Àwọn kan rò pé ẹni tí ó mú àpò wá ni ó fúnni, pé owó kò ní ìtẹ́wọ́gbà bẹ́ẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àpò àgbàdo bá di ìlọ́po méjì owó rẹ̀ láti oṣù kẹjọ dé oṣù karùn-ún, owó tí olùkọ́, oníṣòwò tàbí ọmọ wa tí ń gbé Kútọnu bá rán wá ní oṣù kẹjọ yóò ra àpò méjì níbi tí ì bá ti ra ẹyọ kan ní oṣù karùn-ún. Owó náà ni a ó fi ra àpò, tí a ó fi san owó ọkọ̀, tí a ó sì fi tún òrùlé àká ṣe.

Ẹ̀kẹrin ni ìtọ́jú. Láti 1984 tí a ti rí kòkòrò ńlá kan tí ó ti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà wá ní Togo, kò pẹ́ tí ó fi wọ ilẹ̀ tiwa, tí ó sì ń sọ àgbàdo di ìyẹ̀fun nínú àká. Nítorí náà, kí a sá àgbàdo títí yóò fi gbẹ dáadáa, kí a má gbé àpò lé ilẹ̀ lásán, kí a má sì fi ara rẹ̀ ti ògiri. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ wà ní ọjà nísinsin yìí. Ó ń pa kòkòrò láìlo oògùn.

Ẹ̀karùn-ún ni ìṣírò. Kí kọ́kọ́rọ́ àká jẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Kí a kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde sínú ìwé, kí a sì kà á fún ìjọ lẹ́yìn Mísà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Ohun tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ bẹ̀rù, tí ó fi mú ẹlòmíràn dání, kò yẹ kí àwa fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà ni pípín, òun ni ó sì gba ọgbọ́n jù. A máa ń pa á lówe pé ebi ń pa mí kò ṣeé fi ìfé wí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n wí i rárá: opó tí ó gbé omi kaná kí aládùúgbò lè rí èéfín, bàbá tí ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun ti jẹun lóko. Irú àwọn wọ̀nyí kì yóò wá tò sí ẹnu-ọ̀nà ilé ìjọsìn níṣojú gbogbo ayé. Kí àwọn ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul àti àwọn àwùjọ àdúgbò máa lọ sí ilé ní ìrọ̀lẹ́, kí a má sì pe orúkọ ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ. Kí àká sì ní ilẹ̀kùn méjì: ọ̀kan fún ẹ̀bùn, fún àwọn tí kò ní agbára láti san padà; èkejì fún yíyá, fún àgbẹ̀ tí ó nílò irúgbìn tí yóò sì dá a padà ní ìkórè. Ẹni tí ó lè san, ẹ jẹ́ kí ó san. Ó ń gbé orí rẹ̀ sókè.

Ohun tí Jùbílì ń bi wá

A mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò béèrè pé ṣé àwọn ọmọ ìjọ nìkan ni àká yìí wà fún. Ìdáhùn wa ni pé ebi kì í bèèrè ìwé ìrìbọmi. Ní ilẹ̀ Kétu, inú agbo ilé kan náà ni a ti ń rí Mùsùlùmí, Kátólíìkì, Pùròtẹ́sítáǹtì àti oníṣẹ̀ṣe. Àwọn arákùnrin wa Mùsùlùmí ní sàká tiwọn, wọn kò sì ṣàì bu fún wa nígbà ọdún wọn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò níí jẹ́ kí a sùn lóru. Mélòó-mélòó ni ará ilé tí kò rí nǹkan kan jẹ rárá!

Àwọn mìíràn yóò sọ pé òrùlé ilé ìjọsìn ń jò, pé agogo tuntun ni kí a kọ́kọ́ rà. A kò kọ òrùlé, a kò sì kọ agogo. Ṣùgbọ́n Jùbílì tí kò bá fi ohun kan sílẹ̀ fún oṣù karùn-ún ọdún tí ń bọ̀ yóò kọjá pẹ̀lú aṣọ àńkárá tí a fi ṣe é. Àwọn ará Makẹdóníà kò dúró títí wọn yóò fi lówó. Ìjọ Phoenix kò kọ́ ilé tuntun, ilé tí ó ti gbó ni ó fi sílẹ̀. Àwa náà kò ṣàìní yàrá kan tí a lè tún ṣe. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá bu agolo kan péré ní ìkórè kọ̀ọ̀kan, àká kò níí ṣófo ní oṣù karùn-ún.

Nígbà tí àwọn ọmọ wa bá ń ṣe Jùbílì mìíràn, tí àwa ti lọ sí ilé Baba, wọn yóò ka ìwé yìí. Ǹjẹ́ kí wọ́n kà á kí wọ́n sì dìde lọ bojú wo àká náà, kí wọ́n rí àpò nínú rẹ̀.

Kí Jésù Olúwa wa, ẹni tí ó fi ìṣù àkàrà márùn-ún bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ó sì ní kí a kó àjẹkù jọ kí ohunkóhun má ṣe ṣòfò, bù sí ìkórè wa. Kí Màríà Wúńdíá, Ìyá àwọn aláìní, bẹ̀bẹ̀ fún wa. Kí Lawrence Mímọ́, Basil Mímọ́ àti Vincent de Paul Mímọ́ kọ́ wa bí a ti ń fúnni láìsọ aláìní di ẹni ìtìjú. Àmín.